Òrùka Kan Tí Mo Fò: Ọdún Márùn-ún Láìsí Olóòrùn

Ọdún márùn-ún rèé tí o ti lọ, Olóòrùn. Ọdún márùn-ún gbáko! Àwọn èèyàn ní ó máa rọlẹ̀ tó bá yá. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Kò rọlẹ̀ rárá. Ńṣe ló ń le sí i, tọdún yìí ló sì le jù, mo sì mọ ohun tó fà á. Jẹ́ kí n rọra bẹ̀rẹ̀, torí tí mo bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan ibi tó ń dùn mí, mi ò ní lè kọ ìyókù.

Ilé ti parí. Yàrá òkè tí o ní kí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ìlà-oòrùn, mo ti parí ẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo kan fèrèsé náà, òjò kan ò lè gba ibẹ̀ wọlé. Mo kan bẹ́ẹ̀dì sí i, mo kan tábìlì sí i, mo kan àpótí ìwé mọ́ ògiri. Kò sẹ́ni tó ń sùn níbẹ̀. Láràárọ̀ ni mo máa ń gun àtẹ̀gùn lọ gbá a, màá gbá eruku tí kò sí, màá tún sọ̀ kalẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù ń lọ. Wọ́n ṣì ń gbé iṣẹ́ ilẹ̀kùn wá, wọ́n ṣì ń gbé iṣẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù wá, wọ́n ṣì ń wá lọ́jọ́ Ajé pé àwọn fẹ́ ẹ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. O máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. O ní sùúrù mi pọ̀ ju tìrẹ lọ, pé ìwọ tí o ń ka ọjọ́ orí igi, o ò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ta ló ní sùúrù? Èmi? Ká ní lóòótọ́ ni mo ní sùúrù ni, ọ̀rọ̀ ìbá má rí báyìí.

Ọmọ wa ti dàgbà. Oníbéèrè wa! Ọmọ tó máa ń bi wá léèrè ìdí tí ẹja kì í fi í sùn, tí yóò tún bi wá ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Ó ti parí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Iṣẹ́ rẹ ló ń ṣe, nínú láàbù rẹ, lórí àga rẹ. Ẹ̀wù funfun rẹ ló ń wọ̀. Ó gùn jù ú lọ, apá rẹ̀ ń bo ọwọ́ mọ́ ọn lára, ó sì ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé e. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i láti ẹ̀yìn nínú ẹ̀wù yẹn, mo ti la ẹnu láti pè ọ́ kí n tó rántí.

Ó yẹ kí n sọ irú iṣẹ́ tí o ṣe fún àwọn tó máa ka ìwé ìròyìn yìí, torí ọ̀pọ̀ ló mọ̀ ọ́ sí Ìyá Olóòrùn, wọn ò sì mọ ìdí ẹ̀. Àwọn obìnrin òdìkejì títì wa kàn mọ̀ pé oòrùn ni iṣẹ́ rẹ. Tí ooru bá mú, wọn á pariwo sí ọ láti ojú fèrèsé: Ìyá Olóòrùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ fún oòrùn yín kó ṣe jẹ́jẹ́! Ìwọ náà á ní o ti kọ lẹ́tà sí i, kò tíì fèsì. Ní báyìí, tí ooru bá mú, wọ́n á wo ọ̀dọ̀ mi, wọ́n á sì dákẹ́.

Mo rántí ọjọ́ tí o ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. O jókòó sórí pákó nínú ṣọ́ọ̀bù, o gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, o fi ya oòrùn sára pákó tí mo fẹ́ fi kan ilẹ̀kùn fún ẹni ẹlẹ́ni. O ní oòrùn kì í ṣe bákan náà nígbà gbogbo. Ara rẹ̀ á le koko, á tún rọ̀, á tún le, ní nǹkan bí ọdún mọ́kànlá mọ́kànlá. O ní ìtànṣán kan wà tó ń ti òfuurufú jíjìnnà wá, pé òun ló ń ṣẹ̀dá oríṣi kábọ́ọ̀nù kan tó ṣọ̀wọ́n sínú afẹ́fẹ́ wa. Tí ara oòrùn bá le, ó máa ń dí ìtànṣán yẹn lọ́nà, kábọ́ọ̀nù náà á dín kù. Tí ara rẹ̀ bá rọ̀, ìtànṣán á ráyè wọlé, kábọ́ọ̀nù náà á pọ̀ sí i. Igi ń mí afẹ́fẹ́ yẹn símú, ó sì ń fi í kọ́ ara. Òrùka kan nínú igi, ọdún kan. Ẹni tó bá yọ òrùka ọdún kan, tó wọn kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀, ó ti mọ bí ara oòrùn ṣe rí lọ́dún yẹn, kódà kó jẹ́ pé kò sẹ́nì kankan láyé nígbà náà tó ní awò tó lè fi wo oòrùn.

Háà! Ara mi bù máṣọ. Èmi tí mo ti ń fi ayùn la igi láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá! Mo bojú wo eruku igi tó wà nílẹ̀, mo ní ọdún mélòó ni mo ti gbá dànù báyìí? O rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ. Ibẹ̀ lo ti ní o máa fi mí ṣiṣẹ́.

Nígbà tó yá, ìjì wó igi àtijọ́ kan lórí òkè, igi tí òrùka rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún. Wọ́n gé awẹ́ kan fún ọ. O la awẹ́ náà sí méjì, o tọ́jú ìlàjì kan sí yàrá ìkẹ́rùsí láàbù, o gbé ìlàjì kejì wá fún mi ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọ̀dọ́ láàbù ò mọ igi í dán, wọ́n ń ha á bí ẹni ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. O sọ fún wọn pé ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe wà nílé rẹ. O mú mi lọ síwájú wọn, o sì ní kí wọ́n wò mí dáadáa, pé ojú tó mú jù lọ ní gbogbo ibẹ̀ rèé. Ẹlẹ́rọ, ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ńlá tó ń ka kábọ́ọ̀nù, bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní Káfíńtà wa, ẹ káàbọ̀. Orí mi wú. Mo gbéra ga. Kí n má parọ́, mo gbéra ga gan-an.

Ojú mi ò sì dáa mọ́, Olóòrùn! Ojú mi ti ń bàjẹ́! Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta ni mí nígbà náà, mi ò lè ka téèpù tí mo fi ń wọn igi mọ́ àfi tí mo bá gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà. Mo ń fi pamọ́ fún ọ. Mo ní iná ṣọ́ọ̀bù ò mọ́lẹ̀ dáadáa, o sì lọ ra iná tuntun fún mi, o gbé e kọ́ fúnra rẹ. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tí o sọ níwájú àwọn èèyàn yẹn, báwo ni mo ṣe fẹ́ wá sọ pé mo nílò gíláàsì? Ojú á tì mí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú ń tì mí nítorí gíláàsì.

O kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Sáńpépà tó le ni màá fi bẹ̀rẹ̀, màá máa pààrọ̀ ẹ̀ sí èyí tó fẹ́lẹ́, títí igi á fi máa dán, tí òrùka á fi dá yàtọ̀ sí òrùka. Láti ẹ̀yìn èèpo lèèyàn á ti máa kà á lọ sínú. Òrùka mẹ́wàá, màá fi abẹ́rẹ́ gún un lẹ́ẹ̀kan. Àádọ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì. Ọgọ́rùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, màá tún un kà ní ọ̀nà kejì, lápá ibòmíràn lára igi kan náà, láìwo ti àkọ́kọ́. O ní ọdún máa ń wà tí nǹkan ò ní rọrùn fún igi, tí òrùka rẹ̀ á tín-ín-rín débi pé lápá kan o lè má rí i, àmọ́ o máa rí i lápá kejì. O ní ọ̀nà méjì ni, kí n sì má fi àkọ́kọ́ wo èkejì. Ẹ̀ẹ̀mẹta lo sọ ọ́. Mo gbọ́ ọ.

Mo gbọ́ ọ, mi ò ṣe é.

Mo ka ọ̀nà àkọ́kọ́ dé òpin. Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà mí. Nígbà tí mo dé nǹkan bí irinwó ọdún sẹ́yìn, àwọn òrùka ibẹ̀ ti fún mọ́ra wọn, omi ń dà lójú mi, ọrùn ń ro mí. Nígbà tó kan ọ̀nà kejì, mi ò kà á. Mo mú pẹ́ńsù, mo gbé e lé ojú abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo ń fà á tẹ̀ lé òrùka náà yí ká títí mo fi dé apá kejì, mo sì gún un síbẹ̀. Ojú abẹ́rẹ́ méjèèjì bára mu rẹ́gí. Kí ni kò ní bára mu? Ọ̀kan ni mo kúkú fi ṣe èkejì! Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ, mo ní mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. O dì mọ́ mi níwájú gbogbo wọn.

Ọdún kan àti ààbọ̀ lo fi ṣe ìyókù. A gé òrùka ibi méjì lára igi náà níkọ̀ọ̀kan, èmi ń fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà àkọ́kọ́, ìwọ ń kó wọn sínú àpò ìwé, o ń kọ nọ́ńbà sí i lára. Ibi àkọ́kọ́ ni ìgbà tí oòrùn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́, tó sì dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibi kejì jìn nísàlẹ̀, ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, níbi tí ìjì ńlá kan ti jà lára oòrùn lẹ́ẹ̀kan náà, tí ìtànṣán ìjì náà fúnra rẹ̀ mú kí kábọ́ọ̀nù fò sókè nínú gbogbo igi ayé lọ́dún kan ṣoṣo. O ní ìjì yẹn la máa fi mọ̀ bóyá kíkà wa tọ̀nà, torí gbogbo ayé ti mọ ọdún rẹ̀. O ń fọ òrùka, o ń sè é nínú ásíìdì, o ń fọ̀ ọ́ padà, o ń sun ún, o ń gbé e fún Ẹlẹ́rọ. O ò jókòó jẹun kan dáadáa ní gbogbo àkókò yẹn.

O sì rí nǹkan! O rí i pé kí oòrùn tó dákẹ́, ìrìn rẹ̀ ti kọ́kọ́ falẹ̀. Dípò ọdún mọ́kànlá, ó di mẹ́tàlá, ó di mẹ́rìnlá, bí ẹni tó rẹ̀ tó ń wá ibi jókòó. O wọlé lọ́jọ́ náà, o di ọwọ́ mi mú, o ń jó láàárín ilé ìdáná pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Oníbéèrè ń béèrè kí ló dé, kí ló dé, o fa òun náà wọ inú ijó. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ọ̀nà kejì yẹn pátápátá.

Lẹ́tà àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ rẹ tí o fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí dé lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún ọ nínú rẹ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ náà dáa, ṣùgbọ́n ìjì ńlá yẹn bọ́ sí ọdún kan lẹ́yìn ibi tí igi gbogbo ayé fi í sí. Ọdún kan péré! Wọ́n ní bí kíkà bá yẹ̀, àwọn ò lè gbára lé ìyókù.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo bi mí. O gbé báàgì rẹ sílẹ̀, o ní kí n má bínú, ṣé ó dá mi lójú pé mo ka ọ̀nà méjèèjì. Mo ní ó dá mi lójú bí mo ṣe ń wò ọ́ yìí. Mo tiẹ̀ tún bínú! Èmi! Mo ní lẹ́yìn gbogbo ọjọ́ yìí, o ò tún gbà mí gbọ́ mọ́? Mo gbé àwo oúnjẹ mi kúrò lórí tábìlì, mo lọ jókòó síta. O wá bá mi níbẹ̀, o ní o tọrọ àforíjì. Ìwọ lo bẹ̀ mí, Olóòrùn. Ìwọ lo bẹ̀ mí!

Ìlàjì igi kejì sì wà ní yàrá ìkẹ́rùsí rẹ. Wákàtí díẹ̀ ni ìbá gbà ọ́ láti kà á fúnra rẹ. Ẹlẹ́rọ sọ fún mi lẹ́yìn ìsìnkú pé òun gbà ọ́ nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, o sì kọ̀. O ní tí o bá tún un kà lẹ́yìn mi, á dà bíi pé o pè mí ní òpùrọ́. Ohun tó ń pa mí nìyẹn. O fi iṣẹ́ ayé rẹ sílẹ̀ kó bàjẹ́ kí ojú má bàa tì mí, òpùrọ́ ni mí lóòótọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, ara rẹ lo kọjú sí. O ní bóyá ásíìdì ni. O tún ogójì òrùka fọ̀. O ní bóyá ìwọ lo kọ nọ́ńbà sára àpò ìwé wọn ní àkọyí. O tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì wa, o ń kà wọ́n, o ń tún wọn kà. O ò rí nǹkan kan. O fa ìwé rẹ padà, o sì kọ ọ́ fọwọ́ ara rẹ pé àṣìṣe kan wà nínú iṣẹ́ náà, pé ọ̀dọ̀ rẹ ló ti wá. Láti ìgbà náà, tí àwọn obìnrin òdìkejì bá pè ọ́ pé kí o bá oòrùn sọ̀rọ̀, o ò dáhùn mọ́. O kàn ń juwọ́ sí wọn.

Àìsàn dé. Dókítà ní àìsàn ọkàn ti ń ṣe ọ́ tipẹ́, pé kò sóhun tó kan ìrònú níbẹ̀. Mo fẹ́ gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ kan màá gbà á gbọ́, lọ́jọ́ kejì mi ò ní gbà á. Lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, o ní àṣìṣe náà ń dùn ọ́ torí o ò mọ ibi tó wà. O ní kí n sọ fún Oníbéèrè kó bá ọ wá a lọ́jọ́ kan. Mo di ọwọ́ rẹ mú, mo dákẹ́. Mo búra fún ọ, mi ò tíì mọ̀ nígbà náà. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò sì lọ wo igi náà, o sì kú láàárín ìgbà tí mi ò lọ wò ó.

Oṣù méjì lẹ́yìn tí a sin ọ́, mo lọ ra gíláàsì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fi yẹ ojú mi wò! Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo fa igi náà jáde lábẹ́ tábìlì, mo wá ibi tó fún mọ́ra yẹn, mo kà á láti ojú abẹ́rẹ́ kan sí èkejì. Mọ́kànlá. Ibi tó yẹ kó jẹ́ mẹ́wàá, mọ́kànlá ni. Mo kà á lẹ́ẹ̀meje. Lápá kejì, ní ọ̀nà tí mi ò kà, òrùka yẹn hàn gbangba, ọmọdé á rí i! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku.

Kí ni mo wá ṣe? Kò sí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń gbé fọ́tò rẹ sínú ìwé ìròyìn yìí, tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ dídùn sábẹ́ ẹ̀. Aya rere. Ìyá àtàtà. Ọ̀mọ̀wé tí kò lẹ́gbẹ́. Àwọn èèyàn á pè mí pé ọ̀rọ̀ náà wọ àwọn lákínyẹmí ara, màá ní ẹ ṣeun. Ojú mi ti gbẹ!

Lọ́dún yìí, Oníbéèrè gbé ìlàjì igi kejì jáde ní ìkẹ́rùsí. Kò sẹ́ni tó rán an. Ó kàn bi ara rẹ̀ léèrè, bó ṣe máa ń ṣe. Ó kà á ní ọ̀nà mẹ́rin. Ó rí òrùka náà.

Ọ̀sán Sátidé ló sáré wọlé, ó fi ilẹ̀kùn gbá ògiri, ó ń pariwo pé Bàámi, Bàámi, ọdún kan ni! Ó ní tí a bá fi ọdún kan yẹn kún un, ìjì ńlá bọ́ sí ibi tí gbogbo ayé fi í sí gẹ́lẹ́. Ó ní oòrùn falẹ̀ lóòótọ́ kó tó dákẹ́. Ó ní ọdún tó sọ nù yẹn bọ́ sáàárín ìrìn tó gùn jù, pé kì í ṣe mẹ́rìnlá mọ́, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni! Ohun tí o rí tọ̀nà, ó tiẹ̀ tọ̀nà ju bí o ṣe rò lọ. Ọmọ náà dì mọ́ mi lọ́rùn, ó ń sunkún ayọ̀, ẹkún rẹ̀ ń ṣàn sí mi lẹ́wù. Mo dúró bí òpó.

Ó fi ìwé tó ti kọ hàn mí. Orúkọ rẹ ló fi ṣáájú. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà níbẹ̀ pé nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́, ẹni tó darí rẹ̀ fo òrùka kan nígbà tó ń kà á. Ó nu ojú, ó sì bi mí, torí pé kò sí ohun tí kò ní béèrè: Bàámi, ṣé Màámi nìkan ló kà á ni?

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

O gbọ́ mi? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni! Ọjọ́ tí wọ́n dá ọ láre gan-an ni mo tún tì ọ́ padà sínú ẹ̀bi. Ọmọ rẹ mi orí, ó ní, ó rẹ̀ wọ́n nígbà náà ni, ẹ ẹ̀ rí bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ń wí àwíjàre fún ọ, lórí ẹ̀ṣẹ̀ tèmi, níwájú mi.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi rìn kiri bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Mo kan ilẹ̀kùn kan, kò wọ ojú ọ̀nà. Mo tún un kan, kò tún wọ̀ ọ́. Ọjọ́ Ẹtì ni ọmọ wa fẹ́ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ rẹ. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, mo fi gíláàsì sójú, mo gbé igi náà sábẹ́ apá, mo lọ bá a ní láàbù. Ẹlẹ́rọ kí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní Káfíńtà wa, ẹ ti sọnù! Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá wọlé.

Mo gbé igi náà ka iwájú ọmọ wa. Ipa pẹ́ńsù mi ṣì wà lára ẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, láti ojú abẹ́rẹ́ dé ojú abẹ́rẹ́. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, títí kan ti gíláàsì, títí kan àforíjì tí o tọrọ lọ́wọ́ mi. Ó gbé igi náà sábẹ́ awò, ó wò ó pẹ́. Nígbà tó gbójú sókè, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí. Ó ní, ṣé Màámi mọ̀ kí wọ́n tó kú? Mo ní rárá.

Kò tún béèrè nǹkan kan mọ́. Oníbéèrè, ọmọ tí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu ẹ̀! Ó yíjú sí kọ̀ǹpútà, ó pa gbólóhùn yẹn rẹ́, ó kọ òmíràn síbẹ̀: pé ẹni tó tọ́jú igi náà kò ka ọ̀nà kejì, ó sì sọ pé òun kà á. Ó ní kí n kà á wò bóyá ó tọ́. Mo kà á. Mo ní ó tọ́. Ó fi ìwé náà ránṣẹ́ níṣojú mi, ó bọ́ ẹ̀wù rẹ kọ́, ó jáde.

Kò tíì wálé láti ìgbà náà. Oṣù kẹta rèé. Mo máa ń pè é, kì í gbé e. Lẹ́yìn náà, á fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé òun wà dáadáa, sà. Sà! Ọmọ tí mo fi èjìká gbé! Mi ò bá a jà. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Ìwé rẹ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, Olóòrùn. Orúkọ rẹ ló wà níwájú. Ẹlẹ́rọ ní àwọn èèyàn ń kọ̀wé láti ibi gbogbo láti bi wọ́n nípa ìrìn oòrùn tó falẹ̀. Àwọn obìnrin òdìkejì gbọ́, wọ́n tò wá kí mi lójúde, wọ́n ní Ìyá Olóòrùn ṣe bẹbẹ! Mo ní ẹ ṣeun. Gbogbo ohun tí o fẹ́ gbọ́ nìyí, gbogbo ẹ̀ pátá, o ò sì sí níbẹ̀ láti gbọ́ ọ. Ká ní mo lọ yẹ ojú mi wò ní ọdún kan ṣáájú ni. Ọdún kan péré!

Mi ò ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ. Mo mọ̀ ọ́, o máa dárí jì mí kíá, ìyẹn gan-an ni mi ò sì lè gbà. Mo kàn fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ka ojú ewé yìí mọ̀ pé ìwọ kọ́ lo fò ó. Èmi ni.

Lọ́dọọdún, orúkọ èmi àti ọmọ wa ló máa ń wà nísàlẹ̀ ìrántí rẹ. Mo fi èyí ránṣẹ́ sí i kó kà á kó tó jáde. Ó dá a padà lánàá. Kò yí ohunkóhun padà nínú ẹ̀, kò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Ó kàn pa orúkọ tiẹ̀ rẹ́.

Nítorí náà, èmi nìkan ni mo kọ ọ́. Mo ń ṣàárò rẹ, Olóòrùn. Mo fẹ́ràn rẹ, mo sì ń ṣàárò rẹ lójoojúmọ́ ayé mi. Òun náà ń ṣàárò rẹ, mo mọ̀. Kò kàn fẹ́ bá mi ṣe é mọ́ ni.

Ọkọ rẹ.